Ìbò tí a Kò Dì: Àyẹ̀wò Eré Ògúǹdé, “Yorùbá Ronú”

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu náà ni a ó fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ eré Yorùbá Ronú, èyí tí olóògbé Hubert Ògúǹdé gbé jáde ní ọdún 1964, tóbi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó ti gbọ́ orin rẹ̀ kí a tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ìyìn nìkan ni a sábà máa ń kọ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ lámèyítọ́ kò dúró sórí ìyìn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbà mí láyè kí n yẹ eré náà wò láti ibi tí èmi dúró sí.

Ibi tí mo dúró sí ni Makera, ní ìlú Kàdúná. Orúkọ àdúgbò náà túmọ̀ sí àwọn alágbẹ̀dẹ ní èdè Hausa. Bàbá àgbà mi dé ibẹ̀ nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú, ó sì ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní àwo orin Yorùbá Ronú kan tí kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbúrò mi, wọ́n gbé àwo náà sí i, gbogbo àgbàlagbà tí ó wà níbẹ̀ sì dákẹ́ lọ wọ̀ọ̀. Aládùúgbò wa kan bá wa jẹun lọ́jọ́ náà, Aláàjì, ọmọ Hausa, ọ̀kan nínú àwọn tí kò kó kúrò ní àdúgbò wa lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù Kejì ọdún 2000, nígbà tí olúkúlùkù ń kó lọ sí apá ibi tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ pọ̀ sí. Ó bi bàbá àgbà mi léèrè ohun tí ọkùnrin inú àwo yìí ń sọ tí gbogbo wọn fi fajú ro. Bàbá àgbà mi dáhùn pé, “Ó ní kí Yorùbá ronú ni.” Aláàjì tún bèèrè pé, “Kí wọ́n ronú nípa kí ni, Bàbá?” Bàbá àgbà mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, kò rí èsì fọ̀. Ó bu omi mu, ó sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ìbéèrè Aláàjì yìí ni mo fẹ́ bi eré náà.

Kí a tó lè dájọ́ eré kan, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó bí i. Ní ìparí ọdún 1959 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà, èyíinì ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, sílẹ̀ lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, tí Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì bọ́ sí ipò náà. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ìpàdé ńlá tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe ní ìlú Jos ní oṣù Kejì ọdún 1962 ni ó sọ ìjà abẹ́lé di ìjà òde. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ẹni tí wọ́n kọ ìwé náà sí ni Gómìnà, èyíinì ni Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Sir Adésọjí Adérẹ̀mí. Kábíyèsí ka orúkọ, wọ́n rí i pé ó ju ìdajì lọ, wọ́n yọ Akíntọ́lá ní ọjọ́ 21, wọ́n sì fi Aláàjì Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun kò lọ. Ó ní inú Ilé Aṣòfin nìkan ni a ti lè fi ìbò yọ òun.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Ilé péjọ ní Ìbàdàn láti di ìbò náà. Wọn kò rí i dì. Bí wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, tí ẹni àkọ́kọ́ dìde láti dá àbá, ni ọ̀kan nínú àwọn alátìlẹyìn Akíntọ́lá fò sórí tábìlì tí ó ń kígbe iná. Àga bẹ̀rẹ̀ sí fò. Òmíràn gbé ọ̀pá àṣẹ Ilé, ó fẹ́ fi lu Olórí Ilé, Ọmọọba Adélékè Adédoyin. Ọ̀pá náà kò bà á, orí tábìlì ni ó ti dá. (Àwọn alágbẹ̀dẹ Makera ì bá lè jó o pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin nìkan ni ó dá lọ́jọ́ náà.) Ọlọ́pàá da èéfín tajútajú sínú gbọ̀ngàn, àwọn aṣòfin sì sá jáde pẹ̀lú omi lójú. Olórí ìjọba àpapọ̀, Sir Abubakar Tafawa Balewa, ránṣẹ́ láti Èkó pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọlọ́pàá dúró tì wọ́n nínú Ilé, wọ́n lè dúró, ṣùgbọ́n ìjọba òun kò ní tẹ́wọ́ gba ìpinnu kankan tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún péjọ lẹ́ẹ̀kejì. Ariwo tún sọ, èéfín tún tú, ọlọ́pàá sì ti Ilé pa.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì sórí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ṣe alákòóso, wọ́n sì ká àwọn aṣáájú ìhà méjèèjì mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà ní Gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti yọ Pírẹ́míà láìjẹ́ pé Ilé dìbò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà, dá a padà pé ohun tí Gómìnà ṣe tọ̀nà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́: Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn tún òfin kọ, wọ́n sì ní kí àtúnṣe náà fà sẹ́yìn dé ìgbà tí ó ti kọjá, kí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù má baà ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba.

Mo ti pẹ́ lórí ìtàn yìí, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìyọnu wọ̀nyí padà sẹ́yìn, a ó rí i pé orí ìbò kan ṣoṣo tí a kò dì ni wọ́n ń pàdé. Ilé ẹjọ́ méjì tí wọ́n tako ara wọn, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé ǹjẹ́ ìwé tí ènìyàn 66 fọwọ́ sí lè dúró ní ipò ìbò tí a dì nínú Ilé? Ènìyàn kì bá tí béèrè bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti jẹ́ kí Ilé dìbò lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wọ inú eré lọ. Ọba kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọba Fìwàjoyè. Igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ó fà á lé ọba orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀tá náà sọ ọba àti méjì nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ sẹ́wọ̀n, ó sì fi igbákejì jọba. Igbákejì di òṣìkà, ó ń ni ará ìlú lára títí wọ́n fi dìde sí i. Ó kú ikú ẹ̀sín, Fìwàjoyè sì gba ìtúsílẹ̀.

Ní ọdún 1964, kò sí ẹni tí ó jókòó sí agbo eré tí kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n àti ẹni tí ó wà lórí àga. Àwọn aláṣẹ pàápàá mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí ìjọba Akíntọ́lá fi ka ẹgbẹ́ òṣèré Ògúǹdé léèwọ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n kà á sí ẹgbẹ́ tí òfin kò fọwọ́ sí. Ẹ fi ojú inú wò ó: ẹni tí ó ti ń ṣe eré láti ọdún 1944, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, kò lè ṣe eré ní ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́, àti òun àti àwọn tí ó ń bọ́. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì. Ìjọba ológun ni ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní ọdún 1966. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Ògúǹdé kò ní ìgboyà, kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹnu ni àwọn yòókù fi ń ráhùn ní ìyẹ̀wù. Ògúǹdé gbé tirẹ̀ sórí pèpéle, ó sì san owó rẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, ìgboyà òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí ìjìnlẹ̀ ohun tí ó kọ. Ẹ̀bi tí mo rí nínú eré náà ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ kúrò nínú Ilé Aṣòfin lọ sí ààfin. Àṣàyàn ibùdó ìtàn kì í ṣe ohun kékeré. Nínú ààfin Fìwàjoyè, kò sí àbá, kò sí iye tí a ń kà, kò sí ẹgbẹ́ ọ̀tún tàbí ti òsì. Ẹni rere kan wà, ọ̀dàlẹ̀ kan wà, àjèjì kan wà. Orúkọ ọba gan-an ti dá ẹjọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó fi ìwà jẹ oyè, ta ni yóò bi í ní ìbéèrè kankan? Níbo wá ni aṣòfin tí ó ju àga wà? Níbo ni ẹni tí ó ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ wà? Níbo ni àwọn 66 tí wọ́n fọwọ́ síwèé wà, àti àwọn tí kò fọwọ́ sí i? Gbogbo wọn ti wọ inú ènìyàn kan ṣoṣo, igbákejì. Bí ó bá sì ti kú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ni pé ọba gidi wà nínú ọ̀rọ̀ ọdún 1962. Ọọ̀ni ni Gómìnà. Iṣẹ́ tí ó já lé Kábíyèsí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n ka orúkọ, kí wọ́n sì pinnu bóyá òfin gbà wọ́n láyè láti ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọba tí ó jókòó sídìí ìwé, tí ó ń ka ìfọwọ́sí ọmọ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ẹ̀dá ìtàn tí ó ṣòroó rí nínú eré wa. Ògúǹdé kò rí i lò. Ọba tí ó wà lẹ́wọ̀n ni ó mú, nítorí pé òun ni yóò tètè fa omi lójú òǹwòran.

Mo mọ èsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò fọ̀. Wọn yóò ní eré kì í ṣe ìwé òfin, pé ẹni tí ó sanwó wọlé fẹ́ kọrin, kò fẹ́ gbọ́ àlàyé lórí ìbò. Wọn yóò tún ní òwe ni Ògúǹdé ń pa, pé kò lè dárúkọ Ilé Aṣòfin ní gbangba kí wọ́n má gbé e. Èsì kejì yìí ní agbára, ṣùgbọ́n òwe náà kò gbà á là: wọ́n kúkú fòfin dè é. Ní ti èkíní, mo fẹ́ kí wọ́n wo Baṣọ̀run Gáà, eré tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Ààfin náà ni ibùdó ìtàn níbẹ̀, orin àti ewì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ni Fálétí gbé kalẹ̀ fún wa. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ọba ṣí igbá wò bí ọba bá ṣe àṣejù. Ìyẹn ni òfin ilẹ̀ fi dá ọba lẹ́kun. Gáà tí ó jẹ́ olórí wọn sọ ẹ̀tọ́ náà di ohun ìjà ara rẹ̀, ó ń fi í rán ọba kan tẹ̀ lé òmíràn sọ́run, títí ọ̀rọ̀ fi dórí Àgbọ́yìn, ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún. Bí a bá wo eré náà tán, a kórìíra Gáà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a tún bi ara wa pé kí ni àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù ń wò? A rí bí ìgbìmọ̀ ṣe ń bàjẹ́. N kò ní fi ti Fálétí na Ògúǹdé ní ẹgba, nítorí ọdún méjì péré ni ó wà láàrin ọgbẹ́ ọdún 1962 àti eré Ògúǹdé. Fálétí ní àyè láti mí. Mo kàn ń fi hàn pé orin àti ìgbìmọ̀ lè wọ inú eré kan náà ni.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí Makera. Ọba àjèjì inú eré náà, ta ni ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn ń rò bí ó bá gbọ́ ọ? Àwọn ará Àríwá ni, àwọn tí àgbájọpọ̀ wọn wà ní Kàdúná. Ìrò náà kì í ṣe asán. Akíntọ́lá àti ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ rẹ̀ bá ẹgbẹ́ Sàrdáúnà ṣe àjọṣe lóòótọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, Akíntọ́lá fò wá sí Kàdúná níbí láti rí Sàrdáúnà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àwọn sójà ti pa Sàrdáúnà ní Kàdúná, wọ́n ti pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka gbogbo ìtàn yóò rí i pé ìjọba tí ó kéde pàjáwìrì ní ọdún 1962 kì í ṣe ti Àríwá nìkan: ẹgbẹ́ NCNC, tí ìdí wọn wà ní Ìlà Oòrùn, tí wọ́n sì ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, wà nínú rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Májẹ̀kódùnmí tí wọ́n fi ṣe alákòóso. Ọmọ Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ni àwọn tí wọ́n ju àga. Èdè tí wọ́n fi ń bú ara wọn kì í ṣe Hausa.

Ìdí nìyí tí bàbá àgbà mi kò fi lè dá Aláàjì lóhùn. Bí a bá tẹ̀ lé eré náà, èsì tí ó wà ni pé kí a ronú nípa ọ̀dàlẹ̀ àti nípa àjèjì. Bàbá àgbà mi kò lè wí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí wọ́n jọ ṣọ́ òpópó kan náà lóru ní ọdún 2000. Àwa tí a ń gbé láàrin àwọn ẹlòmíràn ní òkèèrè a máa tètè gbọ́ apá kan nínú eré náà tí ẹni tí ó wà nílé kì í gbọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ti ń dun ènìyàn.

Ìbò tí a kò dì ní ọdún 1962 kò sì sùn. Nígbà tí Ìwọ̀ Oòrùn dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, wọ́n dì í, ṣùgbọ́n wọn kò kà á bí ó ti yẹ. Wọ́n ti ṣe èrú sí i. Wẹ́tíẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e: ilé ń jó, ọkọ̀ ń jó, wọ́n ń wọ́n pẹtiróòlù sí ọmọ ènìyàn lára. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ológun. Ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, èrò ya wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington kí wọ́n má baà parí kíka ìbò ààrẹ. Àwọn aṣòfin sá pamọ́ bí ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wọ́n padà lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ka ìbò náà tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. N kò fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe o. Donald Trump tí wọ́n fẹ̀sùn kàn nítorí ọ̀rọ̀ náà bọ́, ó padà di ààrẹ ní ọdún 2025, ó sì dárí ji àwọn èrò náà lọ́jọ́ tí ó gorí àga. Kíkà tí wọ́n kà á tán lóru náà ni mo ń tọ́ka sí. Ti Ìbàdàn, ọlọ́pàá ni ó ni kọ́kọ́rọ́.

Nǹkan kan tún kù tí ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rín. Nínú eré, ará ìlú ni wọ́n pa igbákejì, tí ọba fi jáde lẹ́wọ̀n. Lóde ayé, sójà ni ó pa Akíntọ́lá. Ẹni tí ó sì pàṣẹ kí wọ́n tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní Calabar ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni Yakubu Gowon, ọmọ Àríwá. Ògúǹdé kì í ṣe wòlíì, n kò sì bá a wí fún èyí.

Wọn yóò rán wa lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ní sáà tí ń bọ̀, mo sì ti yan Yorùbá Ronú fún kíláàsì àwọn ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Fìwàjoyè, n ó kọ iye méjì sójú pátákó, 66 àti 124, n ó sì jẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè ohun tí ó jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó tó gbé orin náà sí i.